Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká kó ọmọ àti ìyá àgbà lọ wo erin ní Yankari, àbí ká jókòó sí Àbújá?

Ìyá Ẹniọlá, Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti di àríyànjiyàn nílé wa láti ọjọ́ Sátidé.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọdún mọ́kànlá, mẹ́jọ àti mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti délé láti ilé ìwé, fóònù ni. Bí iná bá lọ, ìjà ni. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ṣakí, àwọn ló sì dá gbogbo èyí sílẹ̀. Ọdẹ ni bàbá tó bí ìyá ọkọ mi yìí nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń wo erin lórí tẹlifíṣọ̀n, Màmá wò ó títí, wọ́n wá ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń pa òwe àjànàkú, mi ò fojú kan erin rí." Àtìgbà yẹn làwọn ọmọ ò ti jẹ́ ká sinmi: àfi kí Màmá rí erin.

Mo fẹ́ ká lọ sí Yankari, igbó ẹranko tó wà ní Bauchi, nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Bàbá Ẹniọlá ní kí n má dán an wò, pé ọ̀nà jìn, pé ọgbà ìgbafẹ́ Millennium Park ń bẹ níbí. Ọmọ mi kejì ní ikọ́ sémìísémìí, orúnkún Màmá náà ò sì fún wọn nísinmi. Ta ló ti lọ rí? Ṣé owó téèyàn máa ná ò ní ṣòfò? Ẹ má bú mi o.

Àbúrò yín, Lugbe

Kò sí erin ní Millennium Park o, àfi bí Bàbá Ẹniọlá bá fẹ́ fúnra wọn ṣe erin 😂

Alhájà, Gwarinpa

Ìyá Ẹniọlá, mo lọ, mo tún padà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́: Kérésìmesì kọ́ ni àsìkò erin. Lóòótọ́ òjò ti dá nígbà yẹn, ṣùgbọ́n koríko ṣì ga, omi ṣì wà káàkiri, igbó yẹn sì fẹ̀ ju 2,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Kí ló máa gbé erin wá sọ́dọ̀ yín? Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tán, láti bí Oṣù Kejì títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, odò Gaji ló kù tí wọ́n máa ń mu. Etí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ́ bọ̀.

Oṣù Kejìlá la kọ́kọ́ lọ. Ojú ẹsẹ̀ erin la rí nínú iyẹ̀pẹ̀, ó tó ọpọ́n, a sì rí ìgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin bú sẹ́kún. Ìgbà kejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde (kò bọ́ sínú ààwẹ̀ lọ́dún náà, ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa). Wọ́n kó wa sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń mú àlejò wọgbó, ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán. A ò rìn jìnnà tí dẹ́rẹ́bà fi pa ẹ́ńjìnnì. Erin mẹ́sàn-án, ọmọ wọn kékeré kan láàárín. Kò sẹ́ni tó lanu. Etí wọn ń fẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀ka igi ya.

Ìsun omi Wikki tó wà níbẹ̀ nìkan tó èèyàn lọ wò. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò, ó máa ń wà ní bí ìwọ̀n Celsius 31. Ó mọ́ débi pé ẹ ó máa ka ìka ẹsẹ̀ yín lórí yanrìn. Bí Màmá bá ki orúnkún bọ inú rẹ̀, ẹ lè má tètè rí wọn mú jáde.

Ẹ̀yin ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ọ̀bọ. Kì í ṣe ọ̀bọ kékeré o, baboon ni. Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kí n bu omi. Kí n tó yíjú, àgbàlagbà ọ̀bọ kan ti jókòó, ó ń tú ewé eéran bí ẹni tí wọ́n fi mọ́ínmọ́ín wò dàgbà.

Bàbá Ìbejì, Nyanya

Awakọ̀ ni mí, mo máa ń gba ọ̀nà yẹn. Ìyá Ẹniọlá, ẹ má fi ọjọ́ kan dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin. Keffi, Akwanga, ẹ gbà á wọ Jos, ẹ sùn síbẹ̀. Òtútù Jos kì í ṣe ti Kubwa, ẹ mú súwẹ́tà. Bí ẹ bá ráyè, ẹ mú àwọn ọmọ wọ ọgbà ẹranko ibẹ̀ kí wọ́n fojú kan ẹranko. Ilẹ̀ mọ́, ẹ kọrí sí Bauchi, ẹ rọ epo kún táǹkì níbẹ̀ kí ẹ tó wọgbó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ gbéra, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ bá yín lójú títì.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi ló ni Yankari báyìí. Ọdún 1991 ni wọ́n sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2006 ni wọ́n dá a padà fún wọn. Nítorí náà, Bauchi ni kí ẹ pè láti bèèrè yàrá àti bí ọ̀nà ṣe rí, àwọn ti Àbújá ò ní mọ nǹkan kan. Ẹ tún pè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ gan-an. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sún un síwájú, ẹ sún un síwájú, ẹ má bá wọn jà.

Ẹ̀gbọ́n, Karu

Èmi ń gbè sẹ́yìn ọkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè gbogbo owó kí ẹ tó wọlé síbikíbi. A lọ sí ọgbà kan nínú Àbújá yìí lọ́dún tó kọjá, a sanwó ní géètì. A tẹ́ ẹní, wọ́n ní owó ẹní wà. A ṣí kúlà, wọ́n ní oúnjẹ ilé ò gbọdọ̀ wọlé àfi kéèyàn sanwó lórí rẹ̀. Ìyàwó mi di jọ̀lọ́ọ̀fù padà, inú ọkọ̀ la ti jẹ ẹ́.

Millennium Park yẹn kúkú dáa. Maitama ló wà, Ọbabìnrin Elizabeth ló ṣí i ní 2003 nígbà tó wá fún ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Koríko pọ̀, òjìji wà, Màmá á ríbi jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kubwa, àpáta Zuma kò sì jìnnà sí yín. Ẹ wá ₦100 bébà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 2014 o, èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ kí wọ́n nà án sókè síwájú àpáta náà. Ọmọ mi rí i pé àpáta yẹn ló wà lẹ́yìn owó náà, ó ní, "Dádì, ṣé àwa la ni ín?"

Nọ́ọ̀sì, Jabi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìyá. Èmi náà fara mọ́ ti Alhájà, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ kejì yín ni: eruku ọyẹ́ Oṣù Kejìlá lójú ọ̀nà Bauchi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ikọ́ sémìísémìí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá lọ, inú báàgì ọwọ́ yín ni inhaler tó fi ń fa oògùn sínú máa wà, kì í ṣe nínú búùtù. Eṣinṣin tsetse tó ń jẹni wà nínú igbó yẹn, àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń fà á, torí náà ẹ wọ aṣọ tó mọ́ fẹ́rẹ́, kí ó gùn dé ọrùn ọwọ́. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn dání. Ní ti Màmá, ọkọ̀ ńlá tí Alhájà ń wí yẹn ga, ẹ gbé àpótí kékeré kan dání tí wọ́n á fi gùn ún. Bí ẹ bá ń lọ, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ ní wákàtí méjì méjì.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wẹ̀ nínú adágún tàbí dáàmù èyíkéyìí lójú ọ̀nà. Omi tí kò ṣàn ni wọ́n ti ń kó kòkòrò tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá, Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Alhájà, ẹ ti là wá níjà. Bàbá Ẹniọlá ka ti ọ̀bọ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn, wọ́n ní ó dáa, ó di ìsinmi Àjíǹde. Kérésìmesì yìí, Zuma àti Millennium Park.

Ẹrù tó kù ni Màmá, nítorí Oṣù Kìíní ni wọ́n fẹ́ padà sí Ṣakí.

Alhájà, Gwarinpa

Ẹ sọ fún wọn.

Ìyá Ẹniọlá, Kubwa

Mo ti sọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n bá àwọn tẹ ẹni tó ń bá wọn bọ́ adìyẹ láago.