Kí a pè é ní "ìpurọ́mọ́bìnrin"

Akẹgbẹ́ wa kan nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ dábàá pé kí a máa pe irọ́ tí wọ́n ń tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi lé àwọn obìnrin kúrò nínú ìṣèlú ("gendered disinformation" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìròyìn òfégè nípa obìnrin". Mo dúpẹ́ fún àbá náà, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí láìfún un lórúkọ, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

"Òfégè" ni ó kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ó sọ fún wa pé kò sí òótọ́ nínú ohun kan, kò sì sọ bóyá ẹni tí ó gbé e jáde mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí méjì, Claire Wardle àti Hossein Derakhshan, kọ ìwé kan fún Council of Europe, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Yúróòpù, nínú èyí tí wọ́n ti ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: àṣìsọ tí ẹni tó ń pín in kò mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti ṣe ibi, àti òótọ́ tí a tú síta kí ó lè pa ẹlòmíràn lára. "Òfégè" da méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta rárá. "Ayédèrú" dára fún àwòrán àti fídíò, ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ṣe ni ó ń tọ́ka sí, kò kan ẹni tí wọ́n fi sọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń wá kò jìnnà sí wa. Yorùbá kì í purọ́ lásán; a máa ń purọ́ mọ́ ènìyàn. "Mọ́" kékeré yìí náà ni a ń gbọ́ nínú "lẹ̀ mọ́" àti "kàn mọ́", ó sì ń béèrè ara kan tí irọ́ náà yóò lẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní "ó purọ́ nípa rẹ̀", ó lè jẹ́ irọ́ tí ó fi yìn ín ni. Bí mo bá ní "ó purọ́ mọ́ ọn", kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí bóyá ibi ni ó ń rò. Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá "ìpurọ́mọ́ni", àti "ìpurọ́mọ́bìnrin" nígbà tí ó bá jẹ́ pé jíjẹ́ obìnrin ni wọ́n fi ń bá a jà.

Akẹgbẹ́ mìíràn bi wá léèrè ìdí tí a ó fi dárúkọ obìnrin, nígbà tí wọ́n ń purọ́ mọ́ ọkùnrin olóṣèlú náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dọ́gba. Owó tàbí iṣẹ́ ni irọ́ sábà máa ń bá ọkùnrin dé. Ara obìnrin ni ó ń bá a dé. Nígbà tí àjọ àwọn ilé aṣòfin àgbáyé, IPU, fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin aṣòfin 55 láti orílẹ̀-èdè 39 lẹ́nu wò ní ọdún 2016, ìdá 41.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sọ pé wọ́n ti pín àwòrán tí ó tàbùkù àwọn gidigidi tàbí tí ó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ kiri. Ní ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò ní Àríwá Ireland, wọ́n tan ayédèrú fídíò ìbálòpọ̀ kan ká pé Cara Hunter, olóṣèlú obìnrin tí ó ń díje níbẹ̀, ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbò 14 péré ni ó fi wọlé. Ẹ sì rántí pé "ó" wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo: bí orúkọ kò bá dárúkọ obìnrin, àwọn tí yóò ka ìtumọ̀ wa lè má mọ irú ènìyàn tí à ń sọ.

Fídíò Nancy Pelosi, tí ó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà nígbà náà, ní oṣù Karùn-ún 2019 tún fi agbára ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ohùn rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni. Wọ́n kàn fà á lọ́ra títí tí ó fi dà bí ẹni tí ọtí ń pa. "Ayédèrú" kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu, ṣùgbọ́n wọ́n purọ́ mọ́ ọn.

Ibi tí àbá mi kò dé ni ẹ̀kẹta, nígbà tí àwòrán ìkọ̀kọ̀ obìnrin kan bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n sì tú u síta. Mo gbìyànjú "ìtúniláṣìírí", mo sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí a bá ní àṣírí ẹnì kan tú, etí máa ń gbọ́ ọ pé òun ni ó ṣe ohun tí kò tọ́. "Ìdójútini" ni mo ń lò báyìí, nítorí ó gbé ẹ̀bi lé ẹni tí ó ṣe é lórí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, mo ṣetán láti gbà á.