Láti Ìlọrin sí àpérò òǹkọ̀wé l'Ékòó: lẹ́tà, ẹrù ìwé, ọ̀nà, àti ọjọ́ méjì ní Abẹ́òkúta

Akéwì Ọjà-Ọba:
Ẹ kú déédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé. Wọ́n pè mí sí àpérò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Àlàmísì sí Sátidé. Ìlọrin ni màá ti gbéra. Mo fẹ́ kó 40 ẹ̀dà ìwé ewì mi dání, ojú ewé 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún fẹ́ fi ọjọ́ méjì sinmi ní Abẹ́òkúta. Ṣé kí n yà síbẹ̀ ní àlọ ni àbí ní àbọ̀? Ṣé mọ́tò ni kí n wọ̀ dé Èkó àbí rélùwéè? Kí ló sì yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè mí? Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ìyá Oníwèé, Tánkẹ̀:
Àbúrò mi, o kú oríire. Lẹ́tà yẹn ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Kọ̀wé padà sí wọn lónìí, kí wọ́n sì fèsì lákọsílẹ̀. Ta ló ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀? Ṣé wọ́n á fi ránṣẹ́ kí o tó gbéra ni, àbí ìgbà tí o bá kó rìsíìtì dé? Alẹ́ mélòó ni wọ́n san ní òtẹ́ẹ̀lì? Ibẹ̀ yẹn ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ètò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ka alẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ti Ìlọrin bọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé láti ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá. Tí alẹ́ Àlàrùbá kò bá sí nínú lẹ́tà, àpò rẹ ni yóò ti jáde. Béèrè orúkọ olótùú ìjókòó rẹ, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ọ, àti bóyá owó ọpẹ́ wà.

Àpérò yunifásítì máa ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn kò ṣàjèjì. Àmọ́ àjọ̀dún ìwé tó ní kí òǹkọ̀wé wá sọ̀rọ̀, tó tún ní kó sanwó kó tó lè sọ ọ́, yẹra fún un.

Ní ti ìwé: bébà 80 giráàmù (ìwọ̀n mítà kan níbùú-lóròó rẹ̀) tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, abala A5 kan, ìyẹn ìdajì A4, jẹ́ giráàmù méjì ààbọ̀. Ojú ewé 120 jẹ́ abala 60, ìyẹn giráàmù 150. Fi èèpo ẹ̀yìn kún un, ìwé kan á tó giráàmù 165, ogójì á sì súnmọ́ kílò méje. Kò wúwo jù. Omi àti epo ló ń ba ìwé jẹ́ lójú ọ̀nà. Dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú ọ̀rá. Kí ẹ̀yìn ìwé márùn-ún (ibi tí wọ́n ti dì í pọ̀) kọjú sí ọ̀tún, kí ti márùn-ún kọjú sí òsì, torí ẹ̀yìn ìwé máa ń ki ju ẹnu rẹ̀ lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá kọjú síbì kan òkìtì náà á dagun. Páálí tó bá a mu gẹ́lẹ́ ni kí o lò. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, fi bébà àtijọ́ dí i, àyè yẹn ló ń jẹ́ kí igun ìwé ká. Má sì jẹ́ kí wọ́n tì í sínú búùtù lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ẹsẹ̀ rẹ ni kó wà.

Tí o bá fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó ń pàtẹ níbẹ̀, ó lè gba 30 sí 40 nínú 100. Ẹ kọ iye ẹ̀dà, iye owó àti ọjọ́ tí yóò san án sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.

Arìnnàkore:
Màmá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ní ti ọ̀nà, rélùwéè ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà láìwọ àárín Ìbàdàn rárá. Mọ́níyà ni rélùwéè tuntun ti ń gbéra lọ sí Èkó. Láti 2021 ló ti ń kó èrò. Nǹkan bíi kìlómítà 150 ni láti Ìlọrin débẹ̀, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí i tí ọ̀nà bá dára, mẹ́rin tí òjò bá rọ̀. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó wọlé pé Mọ́níyà lẹ ti ń bọ́. Tó bá gbé yín kọjá dé Òjóò, ẹ wọ máíkírà padà, kò jìnnà.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ lóòjọ́ kò pọ̀, wọ́n sì máa ń yí àkókò rẹ̀ padà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì kírun àsùbáà tán kí ẹ gbéra. Nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ló ń lò dé Èbúté Mẹ́ta, kò sì sí gòsílóò Berger kankan nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, afárá kan péré ni.

Ní gáréèjì Ìlọrin, ẹ gba rìsíìtì kí ọkọ̀ tó kún. Tó bá ti kún, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn mọ́.

(Ará Ọ̀fà tó bá ń ka èyí, ẹ má padà sí Ìlọrin. Ìkìrun àti Òṣogbo ni kí ẹ gbà já sí Ìbàdàn.)

Ọmọ Ìgbómìnà:
Àbọ̀ ni kí ẹ ya Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ń rìnrìn afẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á ti há, ìwé á sì máa jìyà káàkiri. Rélùwéè kan náà ló ń dúró níbẹ̀, àmọ́ Láderin ni ibùdó wà, ẹ̀yìn ìlú, ẹ ó tún wọkọ̀ wọ ìgboro. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni kí ẹ gun Olúmọ, kí oòrùn tó mú àpáta. Àdìrẹ Ìtòkú di Mọ́ńdè, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kì í ṣí ní Sọ́ńdè. Òǹkọ̀wé Yorùbá kò sì gbọdọ̀ dé ìlú yìí kó má dé agbègbè Aké: Abẹ́òkúta ni míṣọ́nárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè wa. Gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ náà wà níbẹ̀, níbi tí àjọ̀dún ìwé Aké tí òǹkọ̀wé Lọlá Shónẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ti ń wáyé kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018.

Akéwì Ọjà-Ọba:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ yín. Wọ́n ti fèsì báyìí: agogo méjì ọ̀sán Jímọ̀ ni ìjókòó mi. Ṣé mo lè kírun kí n sì bá a?

Ìyá Oníwèé, Tánkẹ̀:
Kò dájú. Èrò máa ń kún òpópónà Nnamdi Azikiwe níwájú Mọ́sáláṣí Gbogbogbò, mọ́tò kì í rìn dáadáa lágbègbè yẹn títí ìrun á fi tú. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí agogo mẹ́ta ààbọ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò. Bí wọn kò bá lè sún un, kí olótùú fi ọ́ ṣe ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí o sì wá mọ́sáláṣí kékeré tí ẹsẹ̀ lè gbé ọ dé láti gbọ̀ngàn.