Ọ̀rọ̀ lórí "ọkọ́ àfipamọ́": irinṣẹ́ yẹn ò jalè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Sùúrùlérè mú wá, pé irin kékeré táwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń dá irin mọ̀ wá owó àtijọ́ fi ń gbẹ́ ilẹ̀, ká máa pè é ní "ọkọ́ àfipamọ́", káwọn tó ń lò ó sì máa jẹ́ "awalẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún làálàá yín, àmọ́ mi ò lè gba méjèèjì yẹn wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọkọ́. Ọkọ́ máa ń wọ́ ilẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni ni. Eléyìí, ńṣe lẹ máa gún un wọlẹ̀ tààrà, ẹ wá fi hú iyẹ̀pẹ̀ sókè. Mo jókòó ti wẹ́dà kan ní Múṣín nígbà tó ń rọ ọ̀kan, sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù tó ti gbó ló gé, ó lù ú títí ó fi tẹ́, ó tẹ ojú rẹ̀ wọnú díẹ̀ kó lè gba iyẹ̀pẹ̀ dúró, ó wá mú fáìlì onígun mẹ́ta, ó fi gé eyín sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín yẹn ló máa ń gé gbòǹgbò koríko. Èmi kọ́kọ́ rò pé "ìgúnlẹ̀" á dáa, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń gúnlẹ̀, àwa ará Èkó ò ní ṣi ìyẹn gbọ́. Nítorí náà "dígà ọwọ́" tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, torí lébìrà gbogbo ló mọ dígà, "ìwalẹ̀ ọwọ́" tá a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Awalẹ̀" yẹn ló ń dùn mí jù. A ti ní awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ìtàn àtijọ́, iṣẹ́ ńlá niṣẹ́ wọn. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé làwọn èèyàn ń gbẹ́ lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe láyé àtijọ́, ibi tí nǹkan wà gan-an nínú ilẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń sọ ìtàn fún awalẹ̀pìtàn, téèyàn bá ti hú u, ìtàn yẹn ti bà jẹ́. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ò fàyè gba kéèyàn kàn máa walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Ẹni tó ń wá ọnínì àti kọ́bọ̀ onihò tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní 1973, tàbí òrùka tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì létí òkun l'Ẹlẹ́gùṣì, "awárin" ni, ẹni tó ń wá irin. Kó máa wá o, wíwá ló ṣáájú wíwa. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i, torí lórí fóònù, wá àti wa ti di nǹkan kan náà.

Ó wá ku "àfipamọ́". Kí lẹni tí ò jalè fẹ́ fi pamọ́? Ẹ fojú inú wo dánfó tó ń ti Ọ̀ṣòdì lọ, irin eléyín lórí itan ẹni, èrò á pariwo, ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró, tó bá sì wá gbọ́ pé "àfipamọ́" lẹ pè é, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Èdè wa ní àkọ̀, ẹ kì í sì í sọ pé ẹni tó fi àdá sínú àkọ̀ fi í pamọ́, kó má ṣe èèyàn léṣe ló ṣe fi í síbẹ̀. Ká gbé e sínú àkọ̀, ká fi àkọ̀ sínú báàgì, tí wọ́n bá bi wá ká là á fún wọn. Mo dábàá "àgbéjẹ́jẹ́" fún irú gbígbé bẹ́ẹ̀.

Ní ti "ìmójútó irinṣẹ́" tí ẹ kọ fún títọ́jú rẹ̀, ó ti gùn jù, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí alágbẹ̀dẹ ń lò ti tó: fọ̀, nù, pọ́n, fi epo pa. Iyọ̀ inú iyanrìn òkun ń jẹ irin gan-an, omi tí ò níyọ̀ lẹ máa fi ṣàn án kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo díẹ̀ pa á lára. Ẹ má tì í bọ inú àkọ̀ awọ pẹ̀lú omi lára, awọ máa ń gba omi dúró, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń pọ́n ọn, ẹ má jẹ́ kó mú bí ọ̀bẹ ìdáná, tó bá fẹ́lẹ́ jù, òkúta àkọ́kọ́ tó bá pàdé ló máa ká a lẹ́nu.

Eyín yẹn nìkan ni mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Wẹ́dà yẹn pè é ní "eyín", ẹlòmíì ní "eyín ayùn". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójúlùmọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ìkòròdú tàbí Àgége, ẹ bá mi bi wọ́n.