Píìṣì sísun tó jó mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ará ibi iṣẹ́ fẹ́ kóra jọ lọ́jọ́ 4 oṣù keje, kálukú ló sì ní ohun tó máa gbé wá. Nǹkan dídùn tí a ó fi panu lẹ́yìn ẹran ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti rí aládùúgbò mi tó ń sun píìṣì, èso òyìnbó olómi kan tó ní kóró láàárín, lórí èédú, tó ń wọ́n ẹ̀pà àti sínámọ́nì (èèpo igi olóòórùn dídùn tí wọ́n lọ̀) lé e, ni mo bá ní kí n dán an wò lánàá. Ẹ̀pà dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣúgà jó, píìṣì méjì já sínú iná, àwọn tó kù ń rùn bíi sùyà. Ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àgbo nìyí?" Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ìbejì, Houston: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo rẹ́rìn-ín o, má bínú. Jẹ́ kí n bi ọ́: nílé, ta lo rí rí tó da ẹ̀pà sórí iná pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì? Oníbọ̀ọ̀lì á sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ jinná, á fi bébà wé e, ẹ̀pà tó ti yan sílẹ̀ ni yóò wá bù tì í. Èyí náà kò yàtọ̀. Èso lọ́tọ̀, ẹ̀pà lọ́tọ̀, ẹnu ni kí wọ́n ti pàdé.

Píìṣì tó gbó àmọ́ tí kò tíì rọ̀ ni kí o rà. Fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí igi rẹ̀ ti já; tó bá jin díẹ̀, tó sì ń ta sánsán, ó ti tó. Èyí tó bá ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ àpọ́njù, jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ báyẹn. Òun ló já sínú iná fún ọ. Tẹ̀lé ìlà ara rẹ̀ fi ọ̀bẹ gé e yíká, di apá méjèèjì mú, kí o lọ́ ọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ń jáde ní Georgia, ìpínlẹ̀ yín, lóṣù karùn-ún, kóró wọn máa ń lẹ̀ mọ́ ara, wàá kàn fi bà á jẹ́ ni. Wá èyí tí wọ́n ń pè ní freestone, kóró tirẹ̀ máa ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà tí ẹ máa ṣe ayẹyẹ yín yẹn. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọ́ kóró yẹn jẹ o, májèlé wà nínú ọmọ inú rẹ̀.

Fi òróró díẹ̀ ra ojú ibi tí o gé. Má fi ṣúgà sí i. Dúró kí èédú funfun lójú, kí o wá da ojú gígé yẹn kọ iná fún ìṣẹ́jú 4. Má fọwọ́ kàn án! Tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ irin, kò tíì yá. Tó bá yá, fúnra rẹ̀ ló máa tú. Yí i padà, ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 sí i, ó parí.

Bọ̀dá Ẹlẹ́ran, Peckham: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ti òórùn sùyà ni tèmi: irin yẹn ni kò mọ́. Sun èso kí ẹran tó gorí iná. Tó bá jẹ́ pé ẹran ti ṣíwájú, jẹ́ kí irin gbóná dáadáa, fi fọ́ọ̀kì gún ìlàjì àlùbọ́sà, kí o fi ha á.

Ìyá Ìbejì, Houston: Àlùbọ́sà kẹ̀? Fún nǹkan dídùn? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó fi ha á, jàre.

Bọ̀dá Ẹlẹ́ran, Peckham: Mo gbà, mà. Ẹran ni mo mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀pà yẹn wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston: Kọ́ọ̀bù kan. Ẹ ní pecan, èso orí igi tí wọ́n ń jẹ bí ẹ̀pà, rẹpẹtẹ ní Georgia, lo ìyẹn tó bá wù ọ́, àmọ́ ẹ̀pà ni èmi fẹ́ràn. Yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré, máa rò ó láìdúró. Bí òórùn rẹ̀ bá ti gba ilé, dà á sínú àwo kíá, torí páànù gbígbóná á ṣì máa yan án lọ. Jẹ́ kó tutù, kí o gún un nínú odó kékeré, gbágbàgbá, kó ṣì máa ró lẹ́nu. Tí o bá gbé e fún blender, ọbẹ̀ ẹ̀pà lo máa bá níbẹ̀. Ṣúgà pupa ṣíbí 2, sínámọ́nì ṣíbí kékeré kan, ata ilẹ̀ gbígbẹ ìlàjì ìyẹn, iyọ̀ fín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, hóró atare 4, kí o gún un kúnná kó tó wọ inú ẹ̀pà. Atare yìí ni àṣírí mi. Ó máa ń ta yẹ́ríyẹ́rí lẹ́yìn tí adùn bá ti lọ.

Tìṣá, Salvador: Ní Brazil níbí, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń sun. Wọ́n á fi irin gún un, wọ́n á fi ṣúgà àti sínámọ́nì pa á lára, wọ́n á máa yí i lórí iná, wọ́n á wá máa gé e sínú àwo yín níbi tí ẹ jókòó sí. Kì í jó, torí pé wọn kì í dáwọ́ yíyí dúró.

Nọ́ọ̀sì, Leeds: Ẹ jọ̀ọ́, má wọ́n ẹ̀pà yẹn lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lè kú níbi àríyá. Béèrè ṣáájú, gbé e sínú abọ́ ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Ẹ̀gúsí yíyan ni mo máa ń lò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ó ṣì yẹ kí ẹ béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì, ẹ má gbé èédú wọlé nítorí òjò. Èéfín májèlé tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹ lo páànù onílà lórí sítóòfù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta (ọjọ́ 5 oṣù keje): Ẹ̀yin ará mi! Píìṣì 10, apá 20, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo bu yìnyín oníwàrà sí i, ẹ̀pà wà nínú abọ́ ọ̀tọ̀, ẹnì kan sì sọ lóòótọ́ pé òun kì í jẹ ẹ́. Ọ̀gá wa bi mí pé kí ló ń ta òun lẹ́nu, mo ní ata ilé wa ni. Ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù wà nínú ìgò. Mo bù ú sórí ògì láàárọ̀ yìí, ọmọ tó pè é ní àgbo ló lá abọ́.