Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òógùn abíyá yìí pọ̀ jù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tíṣà ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni abíyá mi ti ń làágùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í rùn, omi ni ṣáá. Bí mo bá nawọ́ kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, bùláòsì mi á ti rin, tó bá fi máa dọ̀sán, ilà funfun á ti gbẹ sí i. Ìgbà ọyẹ́ pàápàá kò yàtọ̀. Bàbá mi náà ń làágùn bẹ́ẹ̀. Kò sí rólọ́ọ̀nù tí mi ò tíì rà l'Ọ́jà Ọba. Wọ́n ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀: Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀? Má dán an wò, ọmọ mi! Bí oòrùn bá pa ibi tí omi rẹ̀ kàn, ara lè bó yánnayànna. Álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi kànga tòrò ni kó o rẹ sómi, kó o fi ra á lẹ́yìn ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ nípa ọsàn. Álọ́ọ̀mù dára fún òórùn, ṣùgbọ́n tìrẹ lè ju agbára rẹ̀ lọ. Àbúrò mi, àwọn rólọ́ọ̀nù kan wà tó jẹ́ pé òórùn nìkan ni wọ́n ń bá jà. Èyí tí wọ́n kọ antiperspirant sára rẹ̀ ló ń dí ojú ihò òógùn. Bí ìyẹn kò bá ràn án, béèrè aluminium chloride 20% ní kẹ́míìsì ńlá. Alẹ́ ni kó o máa fi í, torí òógùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lójú oorun. Jẹ́ kí abíyá gbẹ dáadáa kó o tó fi í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ta ẹ́. Fọ̀ ọ́ dànù láàárọ̀. Lọ́jọ́ tó o bá fá abíyá, fi í sílẹ̀. Bí òógùn bá ti dín kù, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.

Tíṣà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Àbí àìsàn ló ń fà á?

Nọ́ọ̀sì: Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tó sì wà nínú ẹbí, kì í sábà jẹ́ àmì àìsàn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń làágùn lóru débi pé aṣọ ìsùn ń rin, tó o ń rù, tàbí tí àyà rẹ ń lù kìkì, tètè lọ sí ọsibítù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fà á, bí tàírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, bá ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà lè fà á.

Télọ̀ Òkè-Àró: Kí wọ́n má rán apá bùláòsì yín há mọ́, ẹ sì yẹra fún pọliẹ́sítà. Mo máa ń gé aṣọ òwú bí ààbọ̀ òṣùpá, mo á fi bọ́tìnnì kékeré há a sábẹ́ apá bùláòsì. Ẹ lè yọ ọ́ fọ̀.

Tíṣà: Kì í ṣe mí lóru rárá. Màá ya kẹ́míìsì tí mo bá jáde skúùlù lónìí. Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa gbà ṣe mẹ́rin?