Ọgbọ́n wo lẹ ti fi fóònù yín dá? Ẹ wá ro tẹnu yín

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Lánàá ni mo ń tú àpótí kan, mo bá fóònù àkọ́kọ́ tí mo rà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti wú bí àkàrà inú epo. Ìyẹn ló mú mi rántí fláàṣì.

Nígbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú odindi ni wọ́n sì ń kà. Bí o bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré lé e, 100 náírà ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a gbé aago ọwọ́ wọn sójú, wọn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Tó bá ti di 55, wọ́n ti ní "ó dàárọ̀ o", wọ́n ti pa á, ìbáà jẹ́ pé ẹnu rẹ ṣì wà lórí ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí wọn.

Fláàṣì ló yọ àwa tí ò lówó nínú ewu. O pè, ó dún, o pa á kí wọ́n tó gbé e. Ìpè tí wọn ò gbé kì í jẹ káàdì. Nílé wa, bàbá wa ṣòfin rẹ̀ bí òfin ológun. Ẹ̀ẹ̀kan: mo ti dé láyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ wá pàdé mi ní gárèjì, ẹrù wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ tètè pè mí padà, ọ̀ràn wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ sí Èkó, fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́. Mo bá ti bárò lọ sí gárèjì Ìwó Road, mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Àṣé wọ́n rò pé àkọ́kọ́ ò wọlé ni wọ́n fi tún un pè. Bàbá ti débi tí wọ́n ń lọ l'Ékòó, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn. Èmi àti ẹ̀fọn la jọ wà ní gárèjì.

Nígbà tí Glo gbé ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá dé ní 2003, ara tù wá díẹ̀, ṣùgbọ́n fláàṣì ò kú. Ohun tí mo ń wá lẹ́nu yín nìyẹn o: ọgbọ́n tí kò sí nínú ìwé tó bá fóònù wá. Ẹ máa bọ̀.

Ìyá Alágboòrùn

Ọmọ Ọjà Ọba, o kú ìrántí. Abẹ́ agboòrùn ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta jáde ilé ìwé ní Ìṣẹ́yìn. Tábìlì kan, àga méjì, fóònù méjì. Àwọn ènìyàn rò pé owó ìpè nìkan là ń jẹ. Èmi ni báńkì àdúgbò nígbà náà, kí àwọn báńkì gan-an tó mọ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọmọ kan wà l'Ékòó, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, dírẹ́bà ló máa gbé e fún. Àpò ìwé á dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ti gbẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó wá ra káàdì 1,500, ó họ ọ́, ó pè mí, ó ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, ó wọlé, mo ka 1,300 fún ìyá. 200 tèmi nìyẹn. Káàdì tó wọlé yẹn náà ni n ó fi ta ìpè fún ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ohun tó ṣòfò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Oníbàárà kan ló bẹ̀ mí pé, "Màmá, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀," mo ní ká dán an wò.

Ibi kíkà ni wàhálà wà. Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ìgbà yẹn ṣe máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Ó ní "ẹ̀ta", etí mi gbọ́ "ẹ̀fà". Mo ní kí wọ́n máa kà á lóyìnbó, mo tún lọ bá "five" àti "nine" pàdé níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan a tẹ̀ ẹ́ lódì, a tún tẹ̀ ẹ́ lódì, títí wọ́n fi ti fóònù mi, pé n ò ní lè fi káàdì kankan sí i fún odidi ọjọ́ kan. Ìyá tó fẹ́ gba owó náà jókòó sórí àga mi láti àárọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ rà. Kò pariwo, kò sunkún, ó kàn ń wo fóònù náà bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò hó. Mo tú ìdí ìró mi, mo fún un nínú owó tèmi.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n gbé M-Pesa jáde ní Kẹ́ńyà ní 2007, pé fóònù lèèyàn á fi fowó ránṣẹ́, ẹnì kan nínú ìsọ̀ á sì ka owó náà fún ìyá ẹ ní abúlé, ẹ̀rín pa mí. Mo ní àwọn wọ̀nyí ti wá yọjú wo ìdí tábìlì mi!

Ọmọ Ọjà Ọba

Màmá, 200 nínú 1,500! Ẹ ò ṣàánú wa rárá.

Ìyá Alágboòrùn

Owó ni mo fi ra agboòrùn, ọmọ mi.

Aburo Yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ọmọ yẹn ò kàn ṣe tíránsífà?

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ bá mi mú ọmọ yìí jókòó.

Agbẹ̀bí

Tèmi ò gùn. Nokia 1100, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. 2003 ni wọ́n gbé e jáde, èyí tí wọ́n sì tà káàkiri ayé lé ní 250 mílíọ̀nù. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo wà, iná lọ láago méjì òru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Mo fi ọ̀rá wé fóònù náà, mo fi eyín dì í mú, ọwọ́ mi méjèèjì sì ń gba ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí itọ́ ṣe ń dà tí fóònù bá wà lẹ́nu èèyàn kó dán an wò. Ọmọ yẹn ti wọ yunifásítì báyìí. Màmá Nokia ló ń pè mí.

Àǹtí Tíṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lórí àmì ohùn ni ọ̀rọ̀ tèmi wà.

Ní nǹkan bí 2009, à ń sọmọ lórúkọ l'Óṣogbo. Ó ku díẹ̀ kí àwọn àlejò dé, Ìyá àgbà ní kí n ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó wà níta kó gbé igbá márùn-ún wá, fún oyin, iyọ̀, omi, obì àti orógbó. Káàdì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: "Mu igba marun wa kiakia."

Àbúrò mi dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na owó sí mi. Igba náírà márùn-ún, gbogbo rẹ̀ tuntun, 1,000 náírà géérégé. Ó ní ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì lòun ti lọ ṣẹ́ ẹ, torí òun rò pé a fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyálọ́mọ lórí ni. Kò sì jẹ̀bi! Ìgbọràn ló gbọ́ràn. Ìyá àgbà wo owó, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé inú eléyìí ni n ó bu oyin sí?" Wọn ò dá owó náà padà fún un o. Wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́pa bí Yorùbá ṣe ń wọ inú fóònù. Mo wá rí i pé ẹjọ́ mi kọ́ nìkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160. Bí o bá fi ẹ kan ṣoṣo tó ní àmì nísàlẹ̀ sínú rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó di 70. Ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ ojú ewé kan á di méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì gba owó méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé à àti ò wà nínú lẹ́tà tí 160 yẹn gbà, ṣùgbọ́n á àti ó kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé o lè sọ̀rọ̀ lóhùn ìsàlẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, tí ohùn bá ròkè, o ó sanwó. Lójú tèmi, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ Yorùbá pé.

Nígbà tí àwọn fóònù ńlá dé, ó tún ku ọ̀kan. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní yàrá tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì lórí kò ní yàrá. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n máa ń tò jọ, lẹ́tà nísàlẹ̀, àmì lókè. Lórí fóònù tó bá ya ọ̀lẹ, àmì náà á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí, tàbí kí àpótí òfìfo dé dípò rẹ̀. Ní báyìí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google, ti ní Yorùbá, mo sì ti fi í sórí fóònù àbúrò mi. Ó ní kò sóhun tí òun fẹ́ fi í ṣe, òun ò ní mú igba wá fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ará Ìgòlò

Bodè làwa wà, ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, Ìdìróko wà lọ́ọ̀ọ́kán. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi, ti Nàìjíríà àti tilẹ̀ wa. Ọgbọ́n ibí ni kéèyàn mọ ibi tí yóò dúró sí. Lẹ́yìn ilé mi, lábẹ́ igi máńgòrò, nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà máa ń kọjá bodè wá láìfi ìwé kankan han aṣọ́bodè. Oníbàárà mi tó wà l'Ótà, kó tó kí mi, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé o ti wà lábẹ́ máńgòrò?"

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ẹja ni wọ́n ń tà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Kí WhatsApp tó gbé ohùn dé ní 2013, ìpè nìkan ni fóònù wúlò fún lọ́wọ́ wọn. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, wọn a máa wá ọmọ ẹlòmíràn tí yóò kà á fún wọn, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ohun tí ọmọ ẹlòmíràn ń kà síta. Lẹ́yìn tí ohùn dé? Ẹ yàgò lọ́nà. Wọ́n ń fi ohùn ná ọjà, wọ́n ń fi ohùn jà, wọ́n ń fi ohùn tọrọ àforíjì.

Ìwé orúkọ inú fóònù wọn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan, n ò rí orúkọ kankan. Àwòrán kéékèèké tó wà fún eré ni wọ́n fi sí i: ẹja fún ọ̀gá tó ń kó ẹja wá, yìnyín fún oníyìnyín, mọ́tò fún dírẹ́bà. Àwọn ojú tó ń sunkún sì pọ̀ jọjọ. Wọ́n ní àwọn tó jẹ wọ́n lówó nìyẹn. Mo ní, "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀?" Wọ́n ní iye ojú ni iye gbèsè: ojú kan fún ẹni tó jẹ díẹ̀, mẹ́ta fún ẹni tó ti ń sá gba ẹ̀yìn ọjà.

Mo wá tèmi. Ojú méjì.

Bàbá Ọlọ́kadà

Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù Kejì 2023 ni? Owó tuntun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2022 ò tó kárí, wọn ò fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́. Abẹ́òkúta ni mo ti ń gun ọ̀kadà. 200 náírà ni mo ń gbà, èrò ò ní, báńkì ò ní. Mo bá fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà akáǹtì mi sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì, gàdàgbà-gadagba, kí èrò lè máa tẹ̀ ẹ́ bá a ti ń lọ. Kó tó débi tó ń lọ, owó ti wọlé.

Púpọ̀ nínú wọn, fóònù kékeré ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sí dátà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. USSD ni wọ́n ń lò, ìràwọ̀, nọ́ńbà, háàṣì, 6.98 náírà lẹ́ẹ̀kan. Kò dúró dè yín o. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀, ó ti já. A bọ́ sí kòtò báyìí, ìka èrò yẹ̀, ó já, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tẹ 2,000 dípò 200. N ò ní owó tí n ó dá padà fún wọn, n ò sì fẹ́ jẹ owó ìyá arúgbó. Mo gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, a fi ṣe é déédéé.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Báńkì tèmi, n ò ní dárúkọ wọn, gbé owó èrò mẹ́jọ pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin kan tó wọ táì sì fi alẹ́ẹ̀tì irọ́ hàn mí, mo tún kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná, mo ní kí n pa nọ́ńbà ẹ̀yìn mi rẹ́. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀. Títí dòní, èèyàn á dá mi dúró ní Pánṣẹ́kẹ́, kò ní gun ọ̀kadà. Á kàn ní, "Ẹ yídìí padà, ẹ jẹ́ n fi owó káàdì ránṣẹ́ sí yín."

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà, ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, mo jẹ yín ní ẹ̀rín.

Bàbá mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti lé lẹ́ni 80 ọdún. Mo ra fóònù ńlá fún wọn, mo ń fi dátà sí i loṣooṣù. Wọ́n lè fi WhatsApp bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láago mẹ́sàn-án alaalẹ́, fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé WhatsApp kì í jẹ káàdì. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Lálẹ́ ìjẹta, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo ti dé ẹnu géètì, kí n tó rántí pé wọn ò rìnrìn àjò láti ọdún tó kọjá. Mo pè wọ́n padà. Wọ́n ní ìka àwọn ló gbọ̀n.