Ṣé ká ta ilẹ̀ bàbá wa nítorí abẹ́rẹ́ dendritic?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, ní jẹjẹrẹ prostate, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn wọn. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbà l'Ábẹ́òkúta, PSA wọn, ìyẹn àmì jẹjẹrẹ náà tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, sì ń wálẹ̀. Ẹnì kan wá pe ẹ̀gbọ́n mi pé ilé ìwòsàn kan wà lókè òkun tó ń fi sẹ́ẹ̀lì dendritic wo jẹjẹrẹ sàn pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ bàbá. Ṣé òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Gbájúẹ̀ ni jàre! Ẹ má tilẹ̀ gbé fóònù wọn mọ́.

Nọ́ọ̀sì Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o. Sẹ́ẹ̀lì yẹn wà lára gbogbo wa. Alamí ni, ó lẹ́ka bí igi. Tó bá rí àjèjì nínú ara, á já díẹ̀ lára rẹ̀, á gbé e lọ sínú kókó, irú èyí tó máa ń wú lójú itan téèyàn bá ní egbò lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń fi han àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe jagunjagun: "Ẹni tẹ́ ẹ máa wá rèé." Wàhálà jẹjẹrẹ ni pé ọmọ ilé ni, ó mọ bó ṣe ń fojú pamọ́ fún alamí.

Oògùn kan tó ń lo irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ prostate wà lóòótọ́, Provenge, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2010. Wọ́n á fi ẹ̀rọ fa sẹ́ẹ̀lì funfun látinú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ lè wà lápá méjèèjì, imú á máa yún èèyàn, kò ní lè họ ọ́. Wọ́n á kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bí wọ́n á ṣe dá jẹjẹrẹ náà mọ̀, wọ́n á sì dá wọn padà sára rẹ̀ lọ́jọ́ bíi mẹ́ta sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe é.

Tíṣà Báyọ́: Ralph Steinman tó rí sẹ́ẹ̀lì yìí ní New York lọ́dún 1973 lo irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ pancreas mú un. Ó tún lo ọdún mẹ́rin ó lé láyé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó kú ni wọ́n kéde pé ó gba ẹ̀bùn Nobel, lọ́dún 2011.

Olùbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ṣé ká wá Provenge yẹn fún wọn nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Houston: Rárá o, àǹtí mi. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bíi ti bàbá kò ràn mọ́ ni wọ́n ń fún. Tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dán Provenge wò, bí oṣù mẹ́rin ló fi kún ẹ̀mí àwọn tó gbà á. Kò wò wọ́n sàn. Dọ́là 93,000 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde. Ẹni tó bá wá ṣèlérí "pátápátá", ẹ ní kó kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún dókítà bàbá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn yẹ̀.

Olùbéèrè: Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ òun, ṣé òun ti kú ni?